Ṣé Ìyá Rẹ̀ Ti Sunkún?

Bí ẹ bá gbé ìkéde òkú, èyí tí àwa níbí ń pè ní kọmíníkè, lọ sí ilé rédíò Pobè nígbà ayé bàbá àgbà mi, kò ní kọ́kọ́ bi yín pé ta ló kú. Kò ní béèrè ọjọ́ ìsìnkú. Á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á fi etí bùbá nù ún, á wò yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ pa á, á wá ní, "Ṣé ìyá rẹ̀ ti sunkún?"

Bí ìyá olóògbé kò bá sí láyé mọ́, á béèrè ìyàwó. Bí kò bá níyàwó, á béèrè ọmọ. Ẹni tí ikú náà máa dùn jù ló ń wá. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni náà kò tíì gbọ́, á dá ìwé yín padà, á ní kí ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ bu omi fún un, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún un lójúkojú, kí ẹ tó padà wá. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ìbínú kò ràn án. "Ikú ò ní gba ojú afẹ́fẹ́ wọlé ẹnikẹ́ni níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà lórí àga yìí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ó ti wá kúrò lórí àga náà báyìí. Mo fẹ́ sọ irú èèyàn tó jẹ́, mi ò sì ní pọ́n ọn lé ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bínú sí i, òtítọ́ ni méjèèjì. Ẹni tó bá ń wá oríkì kó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní Igana, wọ́n mọ̀ ọ́n kì dáadáa. Aránṣọ lèmi, ní Sákété, ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń so aṣọ tó ya pọ̀. Ti Bàbá yìí, mi ò tíì mọ ibi tí màá ti kì í bọ abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn rẹ̀. Òun ló ń sọ èdè wa, èdè Nàgó, lórí afẹ́fẹ́ láràárọ̀. Ẹlòmíràn ń sọ Fáráńsé, ẹlòmíràn ń sọ Gùn. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì yára. Tó bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ṣé dáadáa lẹ jí?" Màmá, ìyẹn ìyá àgbà mi, á wà nídìí iná nínú ilé wa ní Pobè, á ti gbé rédíò ka orí odó tó dojú bolẹ̀. Á ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, á pariwo pé, "A jí o, Bàbá Fọlákẹ́!"

Àwọn aládùúgbò á bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Fọlákẹ́, ṣé ó gbọ́ yín?" Màmá á ní, "Ó gbọ́ o! Ṣé ẹ ò rí i pé ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ?" Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lóòótọ́ ni o, ó máa ń dákẹ́. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló ń dúró dè níbẹ̀ yẹn. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé yẹ kó mọ̀. "Mo ń dúró kí ìyá rẹ àgbà dáhùn ni."

Fọlákẹ́ yìí ni ìyá mi. Òun nìkan ló yè nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Aṣọ ló ń tà, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ilé àti Gàbọ́ọ̀nù, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Bàbá mi ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ Bàbá àti Màmá ni mo dàgbà sí, láàárín rédíò àti igi ọ̀pẹ.

Òfin Bàbá yìí, kò bá a ti inú oyún wá. Ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rédíò, ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló ń kà. Wọ́n gbé kọmíníkè ọkùnrin kan wá, ó kà á. Àwọn ẹbí ọkọ ló mú un wá, kò sì sí ẹni tó rántí pé ìyàwó rẹ̀ ní Yoko kò tíì gbọ́. Obìnrin náà ń yan gàrí lọ́wọ́, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, kò mọ ìgbà tó fi àtẹ́lẹwọ́ lé agbada gbígbóná. Bàbá lọ kí i. Ó ti múra de èébú. Obìnrin náà kò bú u. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé kalẹ̀ lórí itan, ó ní, "Ohùn yín ló dùn, Bàbá. Òun ló jẹ́ kí n jókòó tì í títí ẹ fi kà á tán."

Láti ọjọ́ náà ló ti di olóríkunkun. Ó lé èèyàn padà o! Ọkùnrin kan wá láti Igana, ẹsẹ̀ ló fi rìn nítorí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ó fẹ́ kéde ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ìyá àwọn ti darúgbó, etí rẹ̀ ti di, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un? Bàbá ní kó padà. Ọkùnrin náà ṣépè, ó ní Bàbá ò láàánú, ó gbá ìlẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ ló tó padà dé, ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún. Kò bínú mọ́. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ó ti sunkún, Bàbá. Èmi náà sì ti sunkún. Ẹ ṣeun."

Ẹ rí i, tí mo bá dúró síbí, ẹ ó ní èèyàn mímọ́ ni. Rárá o. Bàbá mọ ìjà. Ojoojúmọ́ lòun àti dírẹ́títọ̀, ọ̀gá ilé rédíò náà, ń fà á. Ti ìròyìn ló máa ń dá a sílẹ̀. Dírẹ́títọ̀ á ní rédíò ńlá ti Kútọnu ti sọ ọ́, kí ni àwọn ń dúró dè? Bàbá á ní kí Kútọnu máa sọ tiwọn. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí wọ́n ń pe iye òkú, tí iye náà ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, Bàbá kì í kà á. "Òkú kì í ṣe àgbàdo tí wọ́n ń fi igbá wọ̀n ní ọjà Sákété." Tó bá sì di dandan kó sọ ohun tí kò fojú rí, á fi í lé ẹni tó sọ ọ́ lọ́wọ́: "Rédíò Kútọnu ló wí bẹ́ẹ̀ o, èmi kò sí níbẹ̀." Àwọn ọ̀dọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígboro. Tí ẹnì kan bá bi wọ́n pé ṣé òjò rọ̀ lánàá, wọ́n á ní, "Kútọnu ló wí bẹ́ẹ̀ o." Bàbá gbọ́, kò bínú. Ó ní, "'Mi ò mọ̀' kò pa ẹnikẹ́ni rí."

Irọ́ ni. Ó pa.

Ọjọ́rú kan ni. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ gbọ́ àṣà wa kan. Níbí, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kì í pariwo ọjọ́ tó máa wọlé. Ayé le. Ó máa ń dá ọjọ́ mìíràn fún wọn nílé, á wá yọ sí wọn lójijì. Ìyá mi sọ fún èmi àti Màmá pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa dé. Bàbá nìkan ló sọ òtítọ́ fún, pé Ọjọ́rú yìí ni, nínú ọkọ̀ òfuurufú ti àárọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún Màmá. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹnu Màmá kì í gba nǹkan pamọ́. Ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní Pobè á ti gbàdúrà lé e lórí kó tó di ọ̀sán.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Sákété, à ń rán aṣọ kákí àwọn ọmọ ilé ìwé. Oòrùn ti ń mú nígbà tí orin tó wà lórí rédíò Kútọnu ṣàdédé dákẹ́. Wọ́n fi Fáráńsé sọ ọ́: ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń bọ̀ láti Gàbọ́ọ̀nù ti já sínú òkun kó tó balẹ̀.

Háà! Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ ò ní lè mí. Wọ́n ní gbogbo wọn ló kú. Wọ́n ní rárá, àwọn kan ń wẹ̀ bọ̀ wá sétí omi. Ẹni tí wọ́n rán lọ sétí òkun ń pariwo, atẹ́gùn ń fẹ́ lé ohùn rẹ̀, a kàn ń gbọ́ fìríì àti ariwo ọkọ̀ aláìsàn. Ó fa apẹja kan wá, apẹja ní òun rí iná. Ó fa òmíràn wá, ìyẹn ní kò sí iná. Àwọn tó jókòó sí Kútọnu ń bi ara wọn ní ohun tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Èèyàn ńlá kan bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó ń bá ẹbí kẹ́dùn, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi tó lọ wá wọn kò tíì padà dé. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ àpótí dúdú kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá rí. Ọ̀gá mi gbé ọwọ́ lé àyà. "Pósí ni wọ́n ń wí un?" Ó ní, "Àjọkẹ́, jọ̀ọ́, yí i sí Pobè. Jẹ́ ká gbọ́ ti bàbá rẹ."

Mo yí i. Ohùn Bàbá wọlé.

"Ọkọ̀ òfuurufú kan ti já sínú òkun lónìí. Ìyẹn la mọ̀. Iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀, a ò tíì mọ̀. Bóyá a rí ẹni tó yè, a ò tíì mọ̀. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń dárúkọ àpótí dúdú. Kì í ṣe pósí, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀rọ kan ni, tó máa ń gba ohùn àwọn tó ń wa ọkọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ọ lẹ́yìnwá ọ̀la."

Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ka iye tí wọ́n ń ta àgbàdo. Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Èmi náà, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ wò ó, ọkàn mi balẹ̀! Mo tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé rédíò lásìkò náà, Bọ́nífáàsì ló sọ ọ́ fún mi. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ fún wọn. Ó ní ìgbàkígbà tí orin bá wà lórí afẹ́fẹ́, Bàbá á jáde sábẹ́ igi, á tẹ fóònù, á gbé e sétí, á gbé e padà sápò. Bọ́nífáàsì rò pé àwọn oníròyìn ló ń pè. Òun fúnra rẹ̀ ti rí ohùn obìnrin kan gbà lórí fóònù, obìnrin náà ń ké ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ti ń fi ohùn náà ránṣẹ́ kiri. Dírẹ́títọ̀ ní kí wọ́n fi í sórí afẹ́fẹ́, pé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń lò ó. Bàbá gba fóònù náà, ó dà á dé sórí tábìlì. "Ẹkún ẹlẹ́kún kì í ṣe orin."

Kò pẹ́ tí dírẹ́títọ̀ fi tún wọlé, ó ń sáré. Ẹnì kan pè é láti Kútọnu. Wọ́n ní obìnrin ará Pobè kan wà nínú ọkọ̀ náà, ó ń ta aṣọ. Ó ní, "Bàbá, tiwa ni! Àwa la sún mọ́ ọn jù. Tá a bá jáfara, Kútọnu á gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ sọ ọ́ báyìí."

Bàbá bọ́ gíláàsì. "Ṣé ìyá rẹ̀ ti sunkún?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí! Níbo la fẹ́ ti rí ìyá rẹ̀?"

"Nílé mi," ni Bàbá wí. "Ìyàwó mi ni."

Bọ́nífáàsì ní dírẹ́títọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, òun tí kì í jókòó níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n bẹ Bàbá kó máa lọ sílé. Ó ní rárá. Ó ní kò tíì sí ẹni tó sọ pé ọmọ òun kú, wíwọ ọkọ̀ ni wọ́n sọ. Ó ní tí ohùn ẹlòmíràn bá bọ́ sórí afẹ́fẹ́ báyìí, ìyàwó òun á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe, òun kò sì fẹ́ kó mọ̀ ọ́n láti ẹnu rédíò. Ó gbé gíláàsì sójú, ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí Bọ́nífáàsì, ó tún bọ́ sórí afẹ́fẹ́. Ó wá sọ gbólóhùn tó ba gbogbo nǹkan jẹ́ nílé wa:

"Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, a kò tíì gbọ́ orúkọ ọmọ agbègbè wa kankan lẹ́nu ẹni tó tó ọ̀rọ̀ náà sọ."

Mo ti yẹ gbólóhùn náà wò síwá sẹ́yìn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ì bá sàn kó jẹ́ irọ́, à bá lè bú u kó tán nínú wa.

Màmá ń gbọ́ ọ nílé. Kò gbọ́ "lẹ́nu ẹni tó tó ọ̀rọ̀ náà sọ". Ta ló ń gbọ́ irú ìyẹn? Ohun tó gbọ́ ni pé kò sí ọmọ wa níbẹ̀, àti pé ohùn ọkọ òun kò mì. Ó fò sókè. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ra àbẹ́là, ó ra ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ọjọ́ àdúrà Ọjọ́rú sáà ni. Lójú ọ̀nà ló ti ń sọ fún ẹni tó bá pàdé: "Ọ̀nà yẹn ni ọmọ mi ń gbà o! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀!" Ó kúnlẹ̀, ó tan àbẹ́là, ó ní kí gbogbo ìjọ bá òun dúpẹ́. Wọ́n bá a dúpẹ́. Ó jó.

Àwọn tó ni ọkọ̀ òfuurufú náà ló pe Bàbá lọ́sàn-án. Ìyẹn ni ẹni tó tó ọ̀rọ̀ náà sọ. Bàbá yọ ohun tó wà létí rẹ̀, ó ní kí Bọ́nífáàsì fi orin tí kò lọ́rọ̀ nínú sí i. Ó gun alùpùpù zẹ́mìjáànì lọ sílé, kò bá Màmá. Wọ́n ní ó ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lọ síbẹ̀, ó bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, ó dúró nínú yanrìn. Bàbá kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ẹnu ya ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní kó wọlé. Bàbá ń wo Màmá látẹ̀yìn bó ṣe ń jó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó jó tán."

Nígbà tí Màmá jáde tó rí i, inú rẹ̀ dùn. Ẹ gbà mí, inú rẹ̀ dùn! Ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ẹ wá bá mi dúpẹ́ ni?" Bàbá bá a gbé igbá èso tó ṣẹ́kù, wọ́n jọ rìn dé ilé. Ó fún un ní àga. Ó bu omi fún un. Ó sọ ọ́ fún un.

Láti ọjọ́ tí Màmá ti wọlé Bàbá, kò fi "ìwọ" pè é rí. "Ẹ̀yin" ni, títí kan ìgbà ìjà. Lọ́jọ́ náà ó pè é ní ìwọ. "O mọ̀. O mọ̀ láti àárọ̀, o sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. O jẹ́ kí n dúpẹ́ lórí òkú ọmọ mi."

Bàbá fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ àwọn obìnrin ìjọ, ó wá bá mi ní Sákété, torí ó ku èmi. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, eruku pupa bò ó. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ọ̀gá mi bá òun bu omi fún mi, ìgbà náà ni mo ti mọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó kà á lórí rédíò. Bọ́nífáàsì ló kà á, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nídìí míkírò nìyẹn, ẹkún ni ó sì fi kà á tán.

Màmá kò kó kúrò nílé Bàbá. Ó ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé rédíò kúrò lórí odó, ó fi aṣọ dì í, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Òfin tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀: Bàbá ò lè pè é láti yàrá kó dáhùn mọ́. Tí Bàbá bá ń fẹ́ iyọ̀, ó gbọ́dọ̀ dìde, kó rìn dé ilé ìdáná, kó dúró níwájú rẹ̀. "Ìyá Fọlákẹ́!" lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, Màmá á máa ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Tí mo bá ní, "Màmá, Bàbá ń pè yín," á ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò gba ohùn tí mi ò rí ojú rẹ̀ gbọ́ mọ́." Nígbà mìíràn ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, àgbàlagbà méjì, ọ̀kan ń pè, ọ̀kan ń ṣe bí odi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ mi ò lè jẹun níbẹ̀.

Bàbá kò ráhùn. Ó ń dìde. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ràn án mọ́, tó fi rédíò sílẹ̀ fún Bọ́nífáàsì, ọ̀pá ló fi ń rìn láti yàrá dé ilé ìdáná.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo dójú kọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe fi míkírò yẹn sílẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ lọ jókòó ti Màmá? Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ dúró de ìròyìn?" Mo rò pé á tún sọ ti 'a ò tíì mọ̀' fún mi. Mo ti múra láti jà. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀, Àjọkẹ́, ọmọ mi ò tíì kú."

Mo gbé ọ̀pá rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo bá a rìn dé ilé ìdáná.

Ikú tirẹ̀ wá. Ọjọ́ náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki òwú sí ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi nígbà tí zẹ́mìjáànì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ló sọ̀ kalẹ̀. Màmá! Obìnrin tó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun ò lè gun alùpùpù mọ́, ó gùn ún láti Pobè dé Sákété. Gèlè rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wọlé, ó ní, "Níbo lo ń gbé omi sí?" Ó bu ú fúnra rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó dúró kí n mu ún.

Ó ní, "Bàbá rẹ ti lọ."

Mo ké. Ó di orí mi mú mọ́ àyà rẹ̀ títí mo fi ké tán. Ojú tirẹ̀ gbẹ. Ìgbà tí mo wá gbé orí sókè ló sọ ìyókù, ó ń wo ògiri: "Mo wà nídìí iná. Ó pè mí láti yàrá. 'Ìyá Fọlákẹ́.' Mi ò dáhùn. Mo ní kó yọjú. Ó tún pè mí. Mo ní kó yọjú, Àjọkẹ́. Kò yọjú. Ìgbà tí mo fi máa lọ wò ó…"

Mo bá a padà sí Pobè. Bọ́nífáàsì ti dé iwájú ilé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni àgbà ilé rédíò báyìí. Ó kí wa, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ń tì í. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ pé ó di dandan kí n béèrè. Ṣé Màmá ti sunkún?"

Mo ní rárá. Ó tẹ fìlà mọ́rí, ó lọ.

Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó tún bá ojú Màmá ní gbígbẹ. Òkú wà ní mọ́ọ̀gì, ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, àwọn ẹbí ti ń bínú. Wọ́n ní ẹni tó fi ẹnu rẹ̀ kéde òkú gbogbo ayé, òun ni wọn ò tíì kéde. Wọ́n ní kí Bọ́nífáàsì fi ìwà òmùgọ̀ sílẹ̀ kó kà á. Bọ́nífáàsì ní ẹ̀kọ́ tí Bàbá kọ́ òun nìyẹn, òun ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í rú u lórí Bàbá fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ kọ orin fún Màmá, wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n ní kó tú u jáde. Màmá ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ń sọ èdè Fáráńsé fún. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé òun náà ló kàn.

Nígbà tó ṣe, ó pè mí wọlé. Ó ní, "Lọ sọ fún Bọ́nífáàsì pé mo ti sunkún."

"Màmá, ẹ ò tíì…"

"Mo ní kí o lọ sọ fún un. Jẹ́ kó kà á. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́." Ohùn rẹ̀ rí jẹ́ẹ́, kò mì rárá. Mo mọ ibi tí mo ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ sọ fún Bọ́nífáàsì, mo sì rò pé ó mọ̀, torí kò wo ojú mi.

Nígbà tí mo padà délé, Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fa nǹkan lábẹ́ ibùsùn. Rédíò náà ni, nínú aṣọ tó fi dì í. Mo nu eruku rẹ̀, mo ki bátìrì tuntun sí i. Ó gbé e lọ sídìí iná fúnra rẹ̀, ó dojú odó bolẹ̀, ó gbé e lé e. Ọ̀sán gangan ni. Ilé kún fún èèyàn.

A rò pé Bọ́nífáàsì ló máa sọ̀rọ̀. Orin dákẹ́. Ohùn Bàbá ló jáde, ohùn ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tí Bọ́nífáàsì ti gbà sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni:

"Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ó wá dákẹ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

Màmá gbé orí sókè. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"A jí o, Bàbá Fọlákẹ́," ó wí. "A jí o. Mo gbọ́ yín."

Ìgbà náà ló wá sunkún.